Ajíbódò Fi Edé Rúbọ Lójú Ọ̀sà

Omi-kún-má-yọ̀. Omi-fà-má-sunkún. Ẹni-bómi-rìn-lomi-ń-bá-ṣeré. Àwọn awo mẹ́ta yìí ni wọ́n ń gbé etí ọ̀sà láyé àtijọ́. Àwọn ni wọ́n bi Ifá léèrè fún Ajíbódò, ọmọ bíbí adágún, ní ọjọ́ tí ó dé ojú omi tí kò mọ̀, tí ó ń wá ẹja kan ṣoṣo tí yóò fi gba ìyàwó. Wọ́n ní kí ó rúbọ. Ẹ fara balẹ̀ kí ẹ gbọ́ bí ó ti ṣe é, nítorí kì í ṣe lójú ẹsẹ̀ ni ó gbà.

Ajíbódò yìí, ẹ má fojú òpè wò ó. Ní Òkè-Àbàtà, níbi tí adágún ńlá wà, kò sí ẹni tí ó mọ ìwọ̀ í dẹ bí i tirẹ̀. Ìdájí ni í jáde. A wa ọkọ̀ rẹ̀ lọ sí etí koríko níbi tí òjìji igi bo omi, a fi ekòló sẹ́nu ìwọ̀, a rọra sọ ọ́ sílẹ̀, a sì jókòó bí ère. Orí ìka ni í gbé okùn ìwọ̀ lé. Bí ẹja bá ti fẹnu kàn án, Ajíbódò á ti mọ̀ bóyá ẹ̀pìyà ni tàbí àrọ̀. Àwọn ará ìlú a máa ṣàwàdà pé àwọn ẹja ń bára wọn jà lórí ta ni yóò kọ́kọ́ dé ọ̀dọ̀ rẹ̀.

Ọjọ́ ọjà ni ó rí Omíyalé. Ọmọ Agbọ́mi ni Omíyalé, ìlú tí wọ́n kọ́ sórí òpó lójú ọ̀sà, níbi tí omi òkun ti ń wọlé tí ó sì ń jáde lójoojúmọ́. Edé gbígbẹ ni ó gbé wá tà. Ajíbódò ra edé lọ́jọ́ náà. Ó rà á lọ́jọ́ ọjà kejì, ó rà á lọ́jọ́ ọjà kẹta, títí ìyá rẹ̀ fi béèrè pé ta ni yóò jẹ gbogbo edé tí ó kún ilé. Ní ọjọ́ ọjà kẹrin, Omíyalé fúnra rẹ̀ sọ fún un pé, "Ẹ kúkú wá rí bàbá mi, kí edé ó lè sinmi."

Òkunúgà ni orúkọ bàbá Omíyalé, àgbà apẹja tí gbogbo Agbọ́mi ń tẹ́tí sí. Ó gba Ajíbódò tọ̀yàyàtọ̀yàyà, ó sì ka àṣà ìlú fún un. Àjòjì tí ó bá fẹ́ ọmọ Agbọ́mi kò ní gbé ẹrù wá. Ẹja ọ̀bọ̀kún kan ni yóò mú wá, èyí tí ó gùn tó apá àjòjì náà fúnra rẹ̀ láti èjìká dé orí ìka. Ìwọ̀ ni yóò fi mú un nínú omi ọ̀sà. Kò gbọdọ̀ fi àwọ̀n kó o, kò gbọdọ̀ fi ìgèrè dẹ ẹ́, kò sì gbọdọ̀ rà á. Láàyè ni ẹja náà yóò dé iwájú bàbá ìyàwó. Ọmọbìnrin kò gbọdọ̀ kọ́ ọ ní ohunkóhun nípa omi. Ọjọ́ mẹ́tàdínlógún ni wọ́n fún un. Bí ọjọ́ bá pé tí ẹja kò dé, kí àjòjì máa lọ sílé rẹ̀, ọ̀rọ̀ ìyàwó ti parí nìyẹn.

Òkunúgà ní, "A kì í fi ọmọ fún ẹni tí omi wa yóò febi pa."

Ajíbódò rẹ́rìn-ín. "Baba, ọjọ́ mẹ́tàdínlógún ti pọ̀ jù. Ẹ jẹ́ ká fi sí ọ̀la."

Òkunúgà wò ó títí. Ó ní, "Ọ̀la náà dára. Ṣùgbọ́n bí ọ̀la bá yẹ̀, mẹ́tàdínlógún náà ṣì wà níbẹ̀."

Nígbà tí Ajíbódò dé èbúté ní ọjọ́ kejì, omi kún dé òkè. Ó so ọkọ̀ rẹ̀ mọ́ èèkàn pẹ́kípẹ́kí, bí wọ́n ti ń so ọkọ̀ ní adágún, kí afẹ́fẹ́ má baà gbé e. Ó wá lọ mu ẹ̀kọ. Omíyalé ni ó bu ẹ̀kọ náà, ìdí nìyí tí ó fi pẹ́ nídìí rẹ̀. Kí ó tó padà dé, omi ti fà lọ. Ọkọ̀ fi imú rọ̀ mọ́ èèkàn, ìdí rẹ̀ kanlẹ̀, àjẹ̀ àti ekòló ti dà sínú ẹrẹ̀. Àwọn obìnrin tí ń ṣa ìṣáwùrú rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú wọn. Omíyalé ní láti jókòó kí ó tó lè sọ̀rọ̀.

"Ẹ̀yin ará adágún," ni ó wí, "ṣé ọkọ̀ tiyín a máa gun igi ni?"

Ẹ má dá Ajíbódò lẹ́bi. Omi adágún kì í jáde nílé. Ibi tí o bá fi í sí lálẹ́, ibẹ̀ ni wàá bá a láàárọ̀. Ṣùgbọ́n ohun tí ó mọ̀ ní adágún náà ni ó ń ṣe lọ ní ọ̀sà. Ìdájí ni ó ń jáde, bóyá omi ń wọlé ni o, bóyá ó ń jáde ni o. Ó ń wá ibi tí omi ti jìn tí ó sì dákẹ́, ó ń sọ ekòló sílẹ̀ níbẹ̀, akàn ni ó sì ń jẹ ekòló náà tán. Bí omi bá bẹ̀rẹ̀ sí í sáré, á fa okùn rẹ̀ wọ abẹ́ igi ẹ̀gbà, àwọn igi tí gbòǹgbò wọn dúró sínú omi bí ẹsẹ̀ alákàn, ìwọ̀ á sì há síbẹ̀. Ọjọ́ méje kọjá báyìí. Kò sí ọ̀bọ̀kún, kò sí ọmọ ọ̀bọ̀kún. Ẹ̀rín kúrò lẹ́nu rẹ̀. Ẹ̀rù sì ba Omíyalé, nítorí ó fẹ́ràn ọkùnrin náà dé ọkàn.

Ní àárọ̀ ọjọ́ kẹjọ, ó pè é sí ẹ̀gbẹ́ kan. Ó ní, "N kò gbọdọ̀ kọ́ yín ní omi. Ṣùgbọ́n kò sí ẹni tó ní kí n má fi ilé àwọn awo hàn yín."

Ajíbódò lọ. Ó bá Ẹni-bómi-rìn, àgbà nínú wọn, níbi tí ó ti ń tún ìgèrè tó ti ya ṣe. Àwọn awo bi Ifá. Ifá ní òun rí ire aya. Wọ́n ní ire náà kò jìnnà, ẹbọ ni ó kù. Kí ó wá ẹyẹlé méjì àti obì. Kí ó sì wá agbọ̀n edé tútù, edé tó ṣì ń ta pọ́n-ún, fún ọjọ́ márùn-ún. Lójoojúmọ́, nígbà tí omi bá ṣẹ̀ṣẹ̀ fẹ́ máa fà, kí ó da agbọ̀n kan sí ẹnu odò kékeré tí ń bọ̀ láti abẹ́ ẹ̀gbà. Kí ó jókòó tì í, kí ó má dìde títí omi yóò fi fà tán. Ní ọjọ́ márààrún, ìwọ̀ kò gbọdọ̀ kan omi.

Ajíbódò ní, "Baba, ọjọ́ mẹ́sàn-án péré ló kù fún mi. Ṣé kí n fi márùn-ún bọ́ ẹja ni?"

"Ifá kò ní kí o bọ́ ẹja. Ó ní kí o rúbọ."

"Ta ni yóò wá jẹ ẹbọ ọ̀hún?"

"Bí o bá jókòó tì í," ni àgbà náà wí, "wàá rí i."

Ajíbódò dúpẹ́ lẹ́nu, ṣùgbọ́n inú rẹ̀ kò gbà. Ó rò ó pé ọkùnrin tí àkókò ń lé kì í jókòó. Ó fi ẹbọ sílẹ̀, ó gbé ìwọ̀ lọ. Ọjọ́ kẹsàn-án lọ lófo. Ní ọjọ́ kẹwàá, ẹja ńlá kan gbé ìwọ̀ rẹ̀. Ajíbódò rọ̀ mọ́ okùn, ó fẹsẹ̀ ti ọkọ̀, ó ń fà á bí a ti ń fa ẹja nínú omi tó dúró. Ẹja ń fà, omi náà ń fà, àwọn méjèèjì dojú kọ ọ́. Ẹja yí okùn mọ́ gbòǹgbò ẹ̀gbà, okùn já. Ajíbódò jókòó sínú ọkọ̀, ó sì sunkún. Kì í ṣe ìwọ̀ ni ó ń sunkún fún. Ojú Omíyalé ni ó ń rò.

Láti ibẹ̀ ni ó ti wa ọkọ̀ lọ tààrà sí ilé àwọn awo, ó dọ̀bálẹ̀, ó ní òun ṣe tán. Wọ́n rú ti ẹyẹlé àti obì fún un lọ́jọ́ náà. Ọ̀dọ̀ Omíyalé ni ó ti wá edé, nítorí títa edé kì í ṣe kíkọ́ni ní omi. Ènì tí Omíyalé ń bù fún un pọ̀ ju ọjà lọ.

Ọjọ́ kìíní ẹbọ, yànmùyánmú nìkan ni ó rí. Ní ọjọ́ kejì, ó wo omi dáadáa bí ó ti ń fà. Ó rí i pé bí omi ti ń kúrò lábẹ́ ẹ̀gbà, ni ó ń gbá àwọn ẹja wẹ́wẹ́ àti edé jáde. Àwọn ẹja ńlá sì dúró lẹ́nu odò náà, wọ́n kọjú sí ibi tí omi ti ń bọ̀, bí ọmọ tí ń dúró de ìyá rẹ̀ tó ń ti ọjà bọ̀. Ní ọjọ́ kẹta, ó rí i pé wọn kì í dúró lójú ibi tí omi ti ń sáré. Ẹ̀yìn òpó àti ẹ̀yìn gbòǹgbò ni wọ́n ń fara pamọ́ sí, wọ́n á yọ gbé oúnjẹ, wọ́n á tún padà. Ọjọ́ kan náà ni ó ṣàkíyèsí pé omi kì í fà ní àkókò tí ó fà lánàá. Ojoojúmọ́ ni ó ń pẹ́ díẹ̀ sí i.

Ní ọjọ́ kẹrin, Òkunúgà ń wa ọkọ̀ kọjá. Ó bá àjòjì náà níbi tí ó ti ń da edé sómi tìfẹ́tìfẹ́.

"Ajíbódò," ni ó wí, "ẹja lo fẹ́ fẹ́ ni, àbí ọmọ mi?"

"Àwọn méjèèjì ni, Baba."

Òkunúgà rẹ́rìn-ín, ó wa ọkọ̀ rẹ̀ lọ, ó sì ń bojú wẹ̀yìn. Ní ọjọ́ karùn-ún, ọ̀bọ̀kún kan tó tó géńdé wá jẹ edé lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọkọ̀ gan-an. Ọwọ́ Ajíbódò ń yún un. Ó káwọ́ sábẹ́ ìdí, ó jókòó lé e. Èṣù rí i pé ó pa ìlànà mọ́, ó gbé ẹbọ dé ibi tó ń lọ. Ẹbọ fín.

Ọjọ́ méjì ló kù. Ní ọjọ́ kẹrìndínlógún, Ajíbódò kò fi ekòló sẹ́nu ìwọ̀. Ààyè edé ni ó fi ìwọ̀ gún nídìí ìrù. Kò so òkúta mọ́ okùn, kò sì jù ú sórí ẹja. Ó jù ú sí òkè odò, ó jẹ́ kí omi fúnra rẹ̀ gbé e wá. Ọ̀bọ̀kún gbé e. Ó fà á jáde, ó tẹ́ ẹ sẹ́gbẹ̀ẹ́ apá rẹ̀. Ìka méjì ló kù kí ó tó o. Ajíbódò ti fi apá gígùn yangàn rí. Lọ́jọ́ náà, ó wo apá náà bí ọ̀tá. Ó dá ẹja padà sómi.

"Ẹ ò lè ká apá náà kò díẹ̀?" ni Omíyalé bi í ní ìrọ̀lẹ́.

"Bàbá yín ni yóò wọ̀n ọ́n."

Wọ́n jọ rẹ́rìn-ín.

Nígbà tí ọjọ́ kẹtàdínlógún mọ́, gbogbo ìlú ti jí, àjòjì kò jáde. Ó jókòó sí èbúté, ó ń fọ okùn. Àwọn kan ní ó ti gba kámú. Òun mọ̀ pé omi kò ní bẹ̀rẹ̀ sí í fà títí oòrùn yóò fi rọ̀. Nígbà tí ó tó àkókò, ó dìde, ó wa ọkọ̀ lọ sẹ́nu odò. Ìwọ̀ lọ lẹ́ẹ̀kan, ó padà lófo. Ó lọ lẹ́ẹ̀kejì, edé nìkan ló dínkù. Lẹ́ẹ̀kẹta, okùn dúró gírí.

Ajíbódò kò fà á. Ó tú ọkọ̀ sílẹ̀, ó jẹ́ kí ẹja wọ́ ọkọ̀ àtòun jáde kúrò láàárín gbòǹgbò, títí wọ́n fi dé gbangba ọ̀sà. Bí ẹja bá sáré, á tú okùn fún un. Bí ó bá sinmi, á ká okùn bọ̀. Ẹja ni àárẹ̀ kọ́kọ́ mú. Ó fi agbọ̀n gbọ́n ọn, ó bu omi kún ìdí ọkọ̀, ó tẹ́ ẹ síbẹ̀. Omi ṣì ń fà, ilé sì wà lókè. Ó wa ọkọ̀ gba etí ẹ̀gbà, níbi tí omi kò ti lágbára, láti ẹ̀yìn òpó kan dé ẹ̀yìn òpó kejì. Nígbà tí ó gun àkàbà Òkunúgà, oòrùn kò tíì wọ̀.

Wọ́n tẹ́ ẹja sórí ẹní, wọ́n tẹ́ apá Ajíbódò tì í. Ẹja fi àtẹ́lẹwọ́ kan gùn jù ú lọ. Ṣùgbọ́n ẹja náà kò mira. Omíyalé bo ojú. Òkunúgà bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó sún mọ́ ọn pẹ́kípẹ́kí láti wo bóyá ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ń mí. Ìgbà náà ni ọ̀bọ̀kún gbé ìrù sókè, ó sì fi gbá àgbà náà létí, pàá.

Òkunúgà nu ojú rẹ̀. Ó yí sí àwọn ènìyàn rẹ̀.

"Ó wà láàyè," ni ó wí. "Ẹni tí kò bá gbà, kó wá gbé etí tirẹ̀ síbí."

Ẹ̀rín ni wọ́n fi fa Omíyalé lé Ajíbódò lọ́wọ́ lọ́jọ́ náà, ọwọ́ tó ń rùn bí ẹja. Ọbẹ̀ ọ̀bọ̀kún yí gbogbo ilé ká. Ajíbódò jó lọ sílé àwọn awo, ó ń yìn wọ́n. Wọ́n ní kí ó yin Ifá. Ó yin Ifá, ó sì sọ fún gbogbo ẹni tó bá bi í pé ẹbọ tí òun kọ̀ fún ọjọ́ méjì ni ó ṣí òun lójú ní ọjọ́ márùn-ún.

Ifá ní ire ń bọ̀ wá fún ẹni tí a sọ ìtàn yìí fún. Bí wọ́n bá yan ẹbọ fún ọ, tí ó dà bí ẹni tí ń fi àkókò ṣòfò, má jiyàn. Rú u, kí o sì jókòó. Ajíbódò jókòó, ó rí aya, ó bímọ méje fún Òkunúgà gbé jó, gbogbo wọn ni wọ́n sì mọ ìgbà tí omi ń fà.