Òkété àti Ọṣẹ Gbígbẹ

"Àlọ́ o!"
"Àlọ̀!"

Àlọ́ mi já gììrì, ó bọ́ sílé Òkété. Kúrúnà mú àwọn ọmọ ẹranko, Àgùntàn sì se ọṣẹ fún àwọn ìyá wọn. Ẹlẹ́dẹ̀ fi tirẹ̀ sínú omi, ó yọ́. Ewúrẹ́ gbàgbé tirẹ̀ síta, òjò gbé e lọ. Òkété ń gbé tirẹ̀ sórí igi tẹ́ẹ́rẹ́, kí omi ro, kí atẹ́gùn fẹ́ sí i.

Ewúrẹ́ rẹ́rìn-ín. "Ìyá Òkété, ṣé ọṣẹ náà ń sùn ni?"

Ó dun Òkété. Nígbà tí ara ọmọ rẹ̀ yá, ọṣẹ ṣì kù.

"Ẹ kó àwọn ọmọ yín wá," ó sọ fún àwọn ìyá tí ọṣẹ wọn ti tán.

Ó ń wẹ̀ wọ́n, ó ń kọrin. Ẹ̀yin ọmọ, ẹ gbè é:

"Kúrúnà, kó ẹrù rẹ."
"Ọṣẹ gbígbẹ ń bọ̀!"

Kò pẹ́, kò sọ́mọ tó ń họra mọ́. Ewúrẹ́ fúnra rẹ̀ ló gbé Òkété lé èjìká yí ìlú ká.