Nọ́ńbà Tí Ṣówándé Kọ Sẹ́yìn Ìwé Kápẹ́ńtà

Ṣówándé ni ó ń bójú tó ilé ìkàwé ìlú Ìjàgbé. Iṣẹ́ rẹ̀ ni kí ó fún ìwé kọ̀ọ̀kan ní nọ́ńbà gẹ́gẹ́ bí ohun tí ó dá lé, kí ìwé àgbẹ̀ lè bá ti àgbẹ̀ gbé, kí ti òkú bá ti òkú gbé. Ọ̀gá tí ó fa iṣẹ́ náà lé e lọ́wọ́ ti kìlọ̀ fún un pé nọ́ńbà ni orúkọ ìwé, inú ìwé sì ni ilé tí wọ́n bí i sí. Ṣówándé dúpẹ́, ṣùgbọ́n èèpo ẹ̀yìn nìkan ló ń wò. Ogún ọdún ló fi ṣe bẹ́ẹ̀, ìwé kankan kò sì fẹjọ́ rẹ̀ sùn.

Nígbà tí ó yá, Bàbá Bùráímọ̀ kápẹ́ńtà kọ ìwé lórí bí a ṣe ń kan àga àti bẹ́ẹ̀dì. Fọ́tò rẹ̀ wà níwájú ìwé náà, ó jókòó lórí pósí kan tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ kàn. Ṣówándé rí pósí. Ó kọ irinwó-ó-dín-méje sí i lẹ́yìn, nọ́ńbà òkú àti ìsìnkú, ó tò ó sórí pẹpẹ, ó sì lọ jẹun.

Lọ́jọ́ kejì, Bàbá kí àwọn ará àdúgbò, kò sẹ́ni tó dáhùn. Lọ́jọ́ kẹta, ìyàwó rẹ̀ bu oúnjẹ fún gbogbo ilé, kò bu tirẹ̀. Lọ́jọ́ kẹjọ, wọ́n ṣe fídáù rẹ̀. Ṣówándé lọ, ó jẹ ẹran, ó kẹ́dùn, ó gbé díẹ̀ lọ sílé.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kejì fídáù náà, Bàbá wọ ilé ìkàwé. Ilẹ̀ kò dún. Láti orúnkún rẹ̀ dé ìsàlẹ̀, kò sí nǹkan kan.

"Ọmọ mi, ẹran fídáù mi ńkọ́?"

Ṣówándé ní ó dára, àmọ́ iyọ̀ kò tó o.

"Èmi náà sọ bẹ́ẹ̀, wọn ò gbọ́. Kí lo wá kà nínú ìwé mi?"

"Ẹ má bínú, Bàbá. Mi ò tíì ṣí i."

"Tètè ṣí i. Ó ti ń dé ìdí mi."

Kí Ṣówándé tó rí ìwé náà, ó ti ku àyà àti orí nìkan lára Bàbá. Ó ṣí i. Àga, bẹ́ẹ̀dì, ilẹ̀kùn, títí dé ojú ewé ìkẹyìn. Ó fi abẹ ha nọ́ńbà náà kúrò, ó kọ ti iṣẹ́ kápẹ́ńtà sí i. Bí yíǹkì náà ṣe ń gbẹ ni bàtà bẹ̀rẹ̀ sí í dún nílẹ̀. Ẹnì kan kígbe láti ìta pé, "Bàbá, ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta o."

Àmọ́ àlàfo tí ìwé náà fi sílẹ̀ láàárín àwọn ìwé òkú kò dí. Ìwé tí wọ́n bá kì bọ̀ ọ́, ilẹ̀ ni wọ́n ń bá a láàárọ̀. Àlàfo náà kò fẹ̀, ó kàn tó ìwé tín-ín-rín kan, irú èyí tí ènìyàn lè kọ nípa olùtọ́jú ilé ìkàwé. Láti ìgbà náà, Ṣówándé kì í fún ìwé ní nọ́ńbà láìkà á tán.

Ibẹ̀ ni àwọn àgbà Ìjàgbé ti rí i mú, tí wọ́n fi ń pa á lówe pé: Ilé là ń wò kí a tó sọmọ lórúkọ.