Omi Iyọ̀ tí Ìyùnadé Tọ́ Wò

Bí a bá rán ni níṣẹ́ ẹrú, à á fi tọmọ jẹ́ ẹ. Ìyùnadé, akẹ́kọ̀ọ́ nọ́ọ̀sì, mọ̀ bẹ́ẹ̀. Olùkọ́ ní kí ẹgbẹ́ wọn àti ẹgbẹ́ mẹ́ta mìíràn ní kíláàsì kọ ìwé tí yóò kọ́ àwọn ìyá bí a ṣe ń po omi oníyọ̀ àti ṣúgà fún ọmọ tó ń ya ìgbẹ́ gbuuru. Ọgbọ́n àtọwọ́dá orí fóònù ló bá gbogbo wọn kọ ọ́ wẹ́rẹ́.

Gbọ́lágadé, olórí ẹgbẹ́, ní, "Ìyùnadé, lọ tẹ̀ ẹ́ bó ṣe wà. Ẹ̀rọ kì í ṣàṣìṣe."

Ìyùnadé kọ́kọ́ po omi náà, ó tọ́ ọ wò, ó sì tu ú dànù. Ó ṣí ìwé ẹ̀kọ́ wọn. Àṣé ìwọ̀n ṣúgà ni ẹ̀rọ kọ fún iyọ̀! Ó tún un ṣe, ó sì kọ ọ́ sísàlẹ̀ pé ẹ̀rọ ló bá wọn kọ ọ́, àwọn ló yẹ̀ ẹ́ wò.

Olùkọ́ da ìwé ẹgbẹ́ mẹ́ta yòókù, tí wọn kò yẹ iṣẹ́ ẹ̀rọ wò, nù. "Iyọ̀ yìí ì bá pa ọmọ ọlọ́mọ!" Ó wá gbé tiwọn sókè. "Èyí ni àwọn ìyá máa kà."

Gbọ́lágadé dọ̀bálẹ̀ gbalaja níwájú gbogbo kíláàsì. "Ìyùnadé, láti òní lọ, ìwọ ni olórí wa!"