Bí Alágẹmọ Ṣe Kọ́ Ẹjọ́ Rírò

Àlọ́ o!

Àlọ̀ ọ́!

Àlọ́ mi rọra fi ẹsẹ̀ kan lélẹ̀, ó gbé èkejì, kò kánjú, kò ṣubú, àfi orí Alágẹmọ. Ó kan Òkété. Ó kan Ọ̀bọ. Ó kan Kìnnìún tó jẹ́ ọba wọn. Ó sì kan Ìyá Àkàlàmàgbò, àgbà ẹyẹ tí orí rẹ̀ ti pá.

Ẹ gbọ́ dáadáa. Ìwọ tó fara ti ògiri yẹn, mo rí ọ. Má sùn. Ọ̀rọ̀ ẹjọ́ ni mo fẹ́ sọ, ẹni tó bá sì sùn níbi ẹjọ́ ni wọ́n ń dá lẹ́bi.

Láyé ìgbà kan, Alágẹmọ kì í rìn bó ṣe ń rìn lónìí. Sísá ló ń sá. Ojú rẹ̀ méjèèjì, iwájú ni wọ́n ń wò. Ahọ́n rẹ̀ gùn, ìta ẹnu ló sì máa ń wà láti àárọ̀ dalẹ́. Bí ẹ bá gbọ́ ariwo nínú igbó, Alágẹmọ ló ń sọ̀rọ̀ yẹn.

Ìyá rẹ̀ kú nígbà tó wà ní kékeré. Òkété ló gbà á tọ́. Opó ni Òkété, ó sì ní ọmọ mẹ́fà tiẹ̀ nínú ihò. Ó ní, "Ibi tí ẹni mẹ́fà bá ti yó, ẹnì keje kò ní í febi sùn." Bẹ́ẹ̀ ló ṣe tọ́ ọ dàgbà.

Nígbà tí Alágẹmọ dàgbà, ó ní òun fẹ́ di agbẹjọ́rò, ẹni tó ń bá ẹlẹ́jọ́ gbẹnu sọ níwájú ọba.

Òkété ní, "Ọmọ mi, ta ni yóò kọ́ ọ?"

Alágẹmọ ní, "Kí ni wọ́n fẹ́ kọ́ mi? Ṣebí ẹnu ni? Mo lẹ́nu."

Ẹ ò rí nǹkan?

Ẹjọ́ kìíní dé. Ìgbín àti Ẹfọ̀n ń jà du ilẹ̀. Ilé Ìgbín wà lórí ilẹ̀ náà, ibẹ̀ ni bàbá rẹ̀ kú sí, gbogbo igbó ló mọ̀. Alágẹmọ sáré dé abẹ́ igi ọdán níwájú ọba láti gbẹnu sọ fún Ìgbín. Ó bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ nígbà tí ìrì ṣì wà lórí koríko. Ó pa òwe. Ó tún òwe pa. Ó kí ọba, ó kí olorì, ó kí ìrù ọba. Oòrùn kan àtàrí, kò tíì dárúkọ ilẹ̀. Ọba sùn lọ.

Nígbà tí ọba jí, ó ní, "Kí ni agbẹjọ́rò Ìgbín wí?"

Àwọn ìjòyè wo ara wọn. Kò sẹ́ni tó lè sọ ọ́.

Ọba ní, "Ó dáa. Ẹfọ̀n ló nilẹ̀. Ìgbín, gbé ilé rẹ kúrò níbẹ̀."

Ìgbín sunkún. Ó gbé ilé rẹ̀ pọ̀n sẹ́yìn. Ibi tí yóò sọ ọ́ kalẹ̀ sí ni kò tíì rí.

Ẹjọ́ kejì dé. Wọ́n ní Àdán jí àgbálùmọ̀ Ìbákà jẹ. Alágẹmọ, tó ń gbẹnu sọ fún Àdán, ti gbọ́n díẹ̀. Ó ní lọ́tẹ̀ yìí, òun kò ní í pẹ́. Ìbákà dìde láti jẹ́rìí.

Alágẹmọ bi í pé, "Ṣé o rí Àdán nígbà tó ń ká àgbálùmọ̀ rẹ?"

Ìbákà ní, "Rárá, mi ò rí i."

Àwùjọ hó yèè. Ẹjọ́ ti bọ́ sí i lápò. Ká ní ó jókòó níbẹ̀ ni! Ṣé ó jókòó?

Kò jókòó!

Ahọ́n gígùn kò jẹ́ kó jókòó. Ó ní, "Bí o kò bá rí i, báwo lo ṣe wá mọ̀ pé òun ni?"

Ìbákà ní, "Òun fúnra rẹ̀ ló kó kóró rẹ̀ lé mi lọ́wọ́. Ó ní kí n tètè bá òun dà á nù kí olóko tó dé. Kò mọ̀ pé èmi gan-an ni olóko."

Ọba rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. Ó ní, "Àdán, láti òní lọ, bí o bá dé orí igi, kí ẹsẹ̀ rẹ wà lókè, kí orí rẹ wà nísàlẹ̀, kí ohun tí o bá jí lè máa já bọ́." Láti ọjọ́ náà ni Àdán kò ti bá Alágẹmọ sọ̀rọ̀ mọ́.

Ojú wá ti Alágẹmọ. Ó lọ bá Ìyá Àkàlàmàgbò. Láyé bàbá Kìnnìún, ìyá yìí ló máa ń rojọ́ fún gbogbo ẹyẹ, ẹjọ́ kan kò sì bà jẹ́ mọ́ ọn lọ́wọ́ rí. Alágẹmọ dọ̀bálẹ̀ gbalaja. "Ìyá àgbà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ kọ́ mi."

Ìyá wò ó. "Ìwọ lo sọ Ìgbín di alárù?"

"Èmi ni, Ìyá."

"Ìwọ lo dorí Àdán kodò?"

"Èmi ni, Ìyá."

"Ṣùgbọ́n o wá. Ẹni tó mọ̀ pé òun kò mọ̀ ti kọ́ ìdajì. Mú ẹsẹ̀ rẹ wá."

Ó mú ẹsẹ̀ wá.

"Kí ẹjọ́ tó dé iwájú ọba, fi ẹsẹ̀ ara rẹ dé ibi tí ọ̀ràn ti ṣẹlẹ̀. Rọra tẹ ilẹ̀. Má gbé ẹsẹ̀ kejì títí èkíní yóò fi fìdí múlẹ̀. Mú ojú rẹ wá."

Ó mú ojú wá.

"Ọ̀kan fún ẹlẹ́rìí, ọ̀kan fún ọba. Bí ọba bá ti ń yán, jókòó."

"Ahọ́n mi ńkọ́, Ìyá?"

Ìyá mí kanlẹ̀. "Iṣẹ́ ńlá nìyẹn. Ká a, kó o sẹ́nu. Má béèrè ohun tí o kò mọ èsì rẹ̀. Ọjọ́ tí o bá máa yọ ọ́, ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni, kó má sì tàsé."

Oṣù mẹ́ta gbáko ni Alágẹmọ fi ń rìn lórí ẹ̀ka kan ṣoṣo níwájú ìyá. Ó ń ṣubú, ó ń dìde. Orin tí ìyá fi ń kọ́ ọ nìyí. Ẹ bá mi gbè é:

Ẹsẹ̀ kan nílẹ̀,
Rọra!
Ojú kan lẹ́yìn,
Rọra!
Ahọ́n ń bẹ nílé,
Rọra!
Ọ̀rọ̀ tó bá jáde kì í padà,
Rọra!

Nígbà tó parí, ìyá ní, "Mo ti ṣe tèmi. Àwọn àgbà ní alágẹmọ ti bímọ rẹ̀ tán, àìmọ̀ọ́jó kù sọ́wọ́ ọmọ alágẹmọ. Máa lọ."

Kò tíì délé tí ariwo fi ta. "Wọ́n ti mú Òkété o!"

Ọba ní oko àgbàdo kan. Wọ́n fi àálè sí i, màrìwò àti àkísà pupa tí wọ́n so mọ́ igi láti kìlọ̀ fún olè. Ọ̀bọ ni ọba fi ṣọ́ ọ. Àgbàdo poro méjì ti wá pòórá, Ọ̀bọ sì ní Òkété ló jẹ ẹ́. Ẹni tó bá jalè lábẹ́ àálè ọba, wọn yóò gbé e sọdá odò, sí ìlú Erè, ejò ńlá tí í gbé eku mì láìjẹ. Kò sí òkété tó sọdá odò náà rí tó padà wá jíṣẹ́.

Gbogbo ìlú ń kígbe, "Òkété, báyìí nìwà rẹ! Ẹ gbé e sọdá!"

Ọba ní, "Ó tó. Agbẹ́jọ́ ẹnìkan dá, àgbà òṣìkà. Lọ́la ni n ó gbọ́ tẹnu rẹ̀. Òkété, ta ni yóò bá ọ rojọ́?"

Òkété ní, "Alágẹmọ ni."

Àwọn ọmọ rẹ̀ mẹ́fẹ̀ẹ̀fà bú sẹ́kún. "Ìyá, ẹ má ṣe é! Ẹ wo Ìgbín! Ẹ wo Àdán!"

Òkété ní, "Òun náà, ọmọ mi ni."

Alágẹmọ gbọ́ ọ̀rọ̀ yìí, ẹ̀rù bà á dé egungun. Bó bá ṣe tàtijọ́ ni, ìyá tó tọ́ ọ kú nìyẹn. Kò sáré lọ bá ọba. Ó rọra kọrí sí oko. Ẹsẹ̀ kan nílẹ̀, rọra. Ó wo pòròpórò àgbàdo, gbogbo wọn dúró ṣánṣán, ọmọ rẹ̀ nìkan ni kò sí. Ó wo orí igi tí Ọ̀bọ máa ń jókòó sí, háríhá tútù há sáàárín ẹ̀ka. Kò sọ nǹkan kan fún ẹnikẹ́ni. Ó ká ahọ́n rẹ̀ sẹ́nu.

Ilẹ̀ mọ́. Gbogbo ẹranko pé sábẹ́ ọdán. Ọ̀bọ dìde, ó gbá àyà. "Kábíyèsí, ojú mi méjèèjì yìí ló rí i. Òkété ló jẹ àgbàdo yín."

Alágẹmọ jáde. Ojú kan ń wo Ọ̀bọ, ojú kan ń wo ọba. Ó ní, "Bàbá Ọ̀bọ, ẹ kú ìṣọ́ oko o. Ṣé àgbàdo ọba ga?"

Inú Ọ̀bọ dùn. "Ó ga! Èmi gan-an, àfi kí n na ọwọ́ kí n tó kan ọmọ rẹ̀."

"Òkété tí ọwọ́ rẹ̀ kúrú yìí, báwo ló ṣe wá jẹ ẹ́?"

"Bí wọ́n ṣe máa ń jẹ ẹ́ náà ni! Ó fi eyín gé e nídìí. Gbì! Ó wó. Gbì! Òmíràn wó. Kò dá ẹyọ kan sí ní poro méjèèjì."

"Ṣé pòròpórò tó gé náà ṣì wà nílẹ̀ níbẹ̀?"

"Ó wà níbẹ̀! Ta ni yóò kó o?"

Ha! Ahọ́n ń yún Alágẹmọ. Ó fẹ́ pariwo pé, "Òpùrọ́! Ìwọ lo jẹ ẹ́!" Ó rántí Àdán. Ó gbé e mì. Ojú rẹ̀ kejì rí ọba, ọba ń fọwọ́ pa irùngbọ̀n.

Ó ní, "Kí Kábíyèsí kí ó pẹ́. Mi ò ní ìbéèrè mọ́. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ fi ẹsẹ̀ ara yín dé oko." Ó jókòó.

Àwùjọ kùn. "Ó tán? Ohun tó fi oṣù mẹ́ta kọ́ nìyẹn?" Àbíkẹ́yìn Òkété fi ojú pamọ́ sí àyà ìyá rẹ̀.

Ọba dìde. Gbogbo ìlú tẹ̀lé e. Ó dé poro kìíní, pòròpórò dúró. Ó dé poro kejì, pòròpórò dúró. Ẹyọ kan kò wó. Ó dé abẹ́ igi Ọ̀bọ, atẹ́gùn fẹ́, háríhá kan já bọ́ sórí imú ọba.

Ọba wẹ̀yìn, Ọ̀bọ ti fẹsẹ̀ fẹ́ ẹ. Bó bá rí olóko dòní, ńṣe ló ń sá.

Ọba ní, "Alágẹmọ, o ti mọ̀ pé Ọ̀bọ ni. Kí ló dé tí o kò sọ ọ́?"

Alágẹmọ ní, "Kábíyèsí, bí mo bá sọ ọ́, ọ̀rọ̀ tèmi ni, ẹ lè má gbà á. Ẹ̀yin lẹ rí i, ó ti di ọ̀rọ̀ yín."

Ọba ṣí fìlà. Ó ní, "Ẹsẹ̀ yẹn, ojú yẹn, ahọ́n yẹn, má pààrọ̀ wọn títí láé." Òkété sáré lọ bá Alágẹmọ. Ó fà á mọ́ra, ó ń sunkún, àwọn ọmọ mẹ́fẹ̀ẹ̀fà dì mọ́ àwọn méjèèjì.

Ìdí nìyẹn tí Alágẹmọ fi ń dán ilẹ̀ wò kó tó tẹ̀ ẹ́. Ìdí nìyẹn tí ojú rẹ̀ kan fi ń wo ìhín, tí èkejì ń wo ọ̀hún. Ìdí nìyẹn tí ahọ́n rẹ̀ fi ká sẹ́nu. Bó bá sì yọ ọ́, kì í tàsé. Mo fẹ́ràn rẹ̀, mi ò purọ́. Ẹlẹ́nu pọ̀ láyé, agbẹjọ́rò kò pọ̀.

Bí wọ́n ti ń tú ká lóko ọjọ́ náà ni Ìgbín wọ́ dé pẹ̀lú ẹrù rẹ̀. Ó ní, "Alágẹmọ, ṣé o lè bá mi tún ẹjọ́ mi gbé?"

Alágẹmọ ní, "Màá gbé e. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ fi ẹsẹ̀ ara mi dé orí ilẹ̀ náà."

Ó ṣì wà lójú ọ̀nà. Bí ẹ bá pàdé rẹ̀, ẹ má sọ ọ́ lókò, ilẹ̀ Ìgbín ló ń lọ wò.

Ibi tí mo bá a dé rèé. Bí ẹ bá ní irọ́ ni mo pa, ẹ má bá mi jà. Ẹ lọ sóko àgbàdo, kí ẹ fi ojú ara yín wò ó.