Ìdí Tí Tẹlifóònù Oníwáyà Fi Kúrò Nílé Wa

Láyé ìgbà kan, kí ẹ̀yin ọmọ wọ̀nyí tó dé, fóònù kì í bá ènìyàn rìn. Inú ilé ló ń gbé. Orí tábìlì kékeré ni wọ́n máa ń gbé e sí ní pálọ̀, wọ́n á tẹ́ aṣọ funfun sábẹ́ rẹ̀, wọ́n á sì máa nù ún bí ẹni ń nu ojú ọmọ. Wáyà kan so ó mọ́ ògiri, wáyà náà sì gba ojú fèrèsé jáde lọ sí ìgboro. Bí ẹnì kan bá fẹ́ bá ọ sọ̀rọ̀ láti òkèèrè, inú wáyà yẹn ni ohùn rẹ̀ ń gbà wọlé.

A kò kórìíra rẹ̀ nígbà náà. Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni parọ́ fún yín pé ọjọ́ ogbó ló lé e jáde, tàbí pé fáàrí ló mú wa. Wọ́n ṣẹ̀ wá ni. Mo fẹ́ kí ẹ mọ ohun tí wọ́n ṣe, kí ẹ sì mọ ẹni tí wọ́n ṣe é sí.

Opó kan wà ní ìlú Òkè-Ògbun tí gbogbo àdúgbò ń pè ní Màmá Tísà, nítorí pé iṣẹ́ olùkọ́ ló ṣe títí ó fi fẹ̀yìn tì. Ọmọ kan ṣoṣo ló bí, Morẹ́nikẹ́jì ni orúkọ rẹ̀. Nígbà tí Morẹ́nikẹ́jì dàgbà, ó fẹ́ awakọ̀ tírélà kan tó ń gbé ní Bauchi, lókè ọya lọ́hùn-ún. Màmá Tísà kò fẹ́ kí ọmọ òun lọ jìnnà tó bẹ́ẹ̀. Wọ́n sọ̀rọ̀ líle síra wọn. Níkẹyìn ìyá gbà, ó sì súre fún wọn, ṣùgbọ́n inú àwọn méjèèjì kò tíì rọ̀ tán nígbà tí ọmọ wọ mọ́tò lọ.

Tẹlifóònù ló bá wọn parí ìjà yẹn. Lọ́jọ́ ìsinmi, lẹ́yìn ṣọ́ọ̀ṣì, Morẹ́nikẹ́jì á lọ sí ọ́fíìsì ibi iṣẹ́ ọkọ rẹ̀, á sì pe ilé. Wọ́n á sọ̀rọ̀ ọbẹ̀, wọ́n á sọ̀rọ̀ òjò, wọ́n á rẹ́rìn-ín. Lọ́jọ́ kan ó ní òun ti lóyún. Màmá Tísà fò dìde, ó jó díẹ̀, okùn tẹlifóònù fẹ́rẹ̀ẹ́ wé mọ́ ọn lọ́rùn. Wọ́n wá ṣàdéhùn pé bí oṣù bá ti ń pé, Morẹ́nikẹ́jì á pè, ìyá á sì wọ mọ́tò. Ọkọ Morẹ́nikẹ́jì á wá pàdé rẹ̀ ní gáréèjì, nítorí ìyá kò mọ ilé wọn. Màmá Tísà ni yóò wẹ ọmọ, òun náà ni yóò sì tọ́jú ìyá ọmọ.

Màmá Tísà ra ọṣẹ dúdú, ó ra òrí, ó rán aṣọ ìkókó. Ó kó gbogbo rẹ̀ sínú báàgì, ó gbé e sẹ́bàá ilẹ̀kùn.

Àkókò yẹn gan-an ni Olóyè Ọlálérè kó dé ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì tuntun tó kọ́ sí òdìkejì ilé Màmá Tísà. Agbaṣẹ́ṣe ńlá ni, ó sì fẹ́ tẹlifóònù. Ó lọ bá Ọ̀gá Adégbìtẹ́, tó jẹ́ olórí ọ́fíìsì tẹlifóònù ìlú náà. Wáyà kankan kò ṣẹ́kù ní àdúgbò yẹn tí wọ́n lè fà fún un. Ọ̀gá Adégbìtẹ́ kò sọ bẹ́ẹ̀. Ó ní kí Olóyè máa lọ sílé, pé tirẹ̀ á dé láìpẹ́. Lẹ́yìn náà ló rán òṣìṣẹ́ rẹ̀ kan pé kó lọ gé ti Màmá Tísà, kó sì fà á wọ ilé Olóyè. Wáyà rẹ̀, nọ́mbà rẹ̀, gbogbo rẹ̀ pátá ni wọ́n gbé fún ẹlòmíràn. Wọn kò kan ilẹ̀kùn obìnrin náà. Wọn kò sọ ohunkóhun fún un.

Ohùn ọmọ ni wọ́n gé kúrò létí ìyá rẹ̀ yẹn, wọ́n sì lọ jẹun ọ̀sán.

Nígbà tí Màmá Tísà gbé tẹlifóònù rẹ̀, tí kò gbọ́ nǹkan kan, ó rìn lọ sí ọ́fíìsì wọn. Akọ̀wé tó bá níwájú ní òfin àwọn ni pé orí tẹlifóònù ni wọ́n ti ń fi ẹjọ́ tẹlifóònù sùn, kó lọ sílé kó pe àwọn. Ó bi í pé báwo ni èyí tí kò ṣiṣẹ́ ṣe máa pè. Akọ̀wé náà ṣí ìwé ìròyìn rẹ̀ sójú ewé mìíràn.

Màmá Tísà kò lọ. Ó dúró títí Ọ̀gá Adégbìtẹ́ fi jáde. Ọ̀gá fún un ní àga, ó fún un ní omi tútù, ó sì fi ẹ̀rín bá a sọ̀rọ̀.

"Màmá, ẹ má da ara yín láàmú," ló wí. "Kò lè pè jáde ni. Bí ẹnikẹ́ni bá pè yín, yóò dún."

Ó mọ̀ pé irọ́ ni. Ó mọ̀ ọ́n dáadáa.

Màmá Tísà gbà á gbọ́. Ó padà sílé, ó jókòó ti tẹlifóònù. Ó dẹ́kun lílọ sí ìpàdé àwọn ìyá ìjọ. Aládùúgbò ló ń bá a ra ata àti ẹja. Bí ó bá ń wẹ̀, ó ń ṣílẹ̀kùn sílẹ̀ kó lè gbọ́. Bí ọmọdé bá ń pariwo níta, á bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n jọ̀ọ́, kí wọ́n lọ ṣeré síwájú díẹ̀. Oṣù tí wọ́n dá pé, kò gbọ́ nǹkan kan. Oṣù yẹn kọjá.

Ó kọ lẹ́tà, èsì kò dé. Ó ronú pé kí òun kúkú wọ mọ́tò lọ, ṣùgbọ́n ẹ̀rù bà á pé ìgbà tí òun bá wà lọ́nà gan-an ni ọmọ máa pè. Ó tún padà sí ọ́fíìsì tẹlifóònù. Lọ́tẹ̀ yìí wọn kò fún un ní àga. Wọ́n bi í bóyá ó rò pé ọmọ rẹ̀ kò ní iṣẹ́ mìíràn láyé ju kó máa pè é lọ.

Ọ̀rọ̀ yẹn wọ̀ ọ́ lára. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í rò pé bóyá òótọ́ ni, bóyá Morẹ́nikẹ́jì kò tíì dárí ọ̀rọ̀ líle ọjọ́ yẹn ji òun. Ó wo báàgì tó wà lẹ́bàá ilẹ̀kùn, ó gbé e lọ sí yàrá inú.

Ní àárọ̀ ọjọ́ kan, ewúrẹ́ ilé Olóyè já, ó wọ ẹ̀yìnkùlé Màmá Tísà, ó ń jẹ ẹ̀fọ́. Màmá Tísà fi okùn fà á padà fún wọn. Ìyàwó Olóyè dúpẹ́ púpọ̀, ó ní kó wọlé jókòó. Àlejò ni ìyàwó yìí ní ìlú náà, Màmá Tísà nìkan ni orúkọ tó mọ̀ ọ́n mọ́. Bí wọ́n ṣe ń kí ara wọn lọ́wọ́ ni tẹlifóònù pálọ̀ dún. Ìyàwó Olóyè gbé e, ó gbọ́ díẹ̀, ó mí kanlẹ̀.

"Obìnrin yìí náà ni," ló sọ fún àlejò rẹ̀. "Ó ti pẹ́ tó ti ń yọ wá lẹ́nu. Ó ní màmá òun ló ni nọ́mbà yìí. Mo ti sọ fún un títí pé ó ṣì í pè."

Màmá Tísà béèrè orúkọ tí obìnrin náà ń jẹ́.

"Ó ní Morẹ́nikẹ́jì."

Màmá Tísà dìde. Kò tọrọ àyè. Ó gba tẹlifóònù lọ́wọ́ rẹ̀, ó gbé e sétí. Ó gbọ́ ohùn ọmọ rẹ̀ tó ń bẹ̀bẹ̀ pé kí wọ́n jọ̀ọ́, kí wọ́n má tíì gbé e sílẹ̀, kí wọ́n kàn bá òun jíṣẹ́ kan ni.

"Morẹ́nikẹ́jì," ni ìyá wí, "èmi nìyí."



"Màmá," ni ọmọ náà wí, "ṣé ẹ ṣì ń bínú sí mi?"

Orí ilẹ̀ẹ́lẹ̀ ni Màmá Tísà jókòó sí tó fi gbọ́ ìyókù. Ìrọbí ti mú Morẹ́nikẹ́jì nígbà tí ọkọ rẹ̀ wà lórí ìrìn. Ọmọ kò bọ̀rọ̀ wá, iṣẹ́ abẹ ni wọ́n fi gbé e, ẹ̀jẹ̀ sì dà púpọ̀ tó fi jẹ́ pé àwọn nọ́ọ̀sì ní kí wọ́n wá ẹbí rẹ̀ kan. Wọ́n fún un ní tẹlifóònù lórí bẹ́ẹ̀dì, ó pe ilé, obìnrin kan sì dá a lóhùn pé kò sí màmá kankan níbẹ̀. Ó ń pè, wọ́n ń gbé e sílẹ̀. Lẹ́tà ìyá rẹ̀ kò sì dé ọwọ́ rẹ̀. Ó wá gbà pé ìyá òun ló ní kí wọ́n máa sọ bẹ́ẹ̀. Obìnrin Hausa kan tó wà ní ilé kejì sí tiwọn ló wẹ ọmọ fún un. Ọmọkùnrin ni. Ó ti ń jókòó fúnra rẹ̀ báyìí.

Ìyàwó Olóyè káwọ́ lérí, ó ń sunkún. Ọwọ́ rẹ̀ ló ń gbé e sílẹ̀ láti ọjọ́ yìí wá, kò sì mọ̀. Olóyè náà sọ̀ kalẹ̀ láti òkè, wọ́n ròyìn fún un, ojú sì tì í. Ó búra pé òun kò mọ wáyà ẹni tí wọ́n fún òun. Mo gbà á gbọ́. Ẹni tó mọ̀ wà ní ọ́fíìsì rẹ̀, ó ń mu tíì.

Màmá Tísà sọdá lọ sílé. Ó fa wáyà tẹlifóònù rẹ̀ yọ lára ògiri, ó gbé tẹlifóònù náà mọ́ àyà, ó gba ojú títì lọ. Àwọn ènìyàn ń bi í pé kí ló dé, ó sì ń sọ fún wọn bó ṣe ń lọ. Àwọn tó gbọ́ kò lè padà sẹ́nu iṣẹ́, wọ́n ń tẹ̀ lé e. Báyìí ni wọ́n ṣe kún ọ́fíìsì tẹlifóònù dé ìta.

Ọ̀gá Adégbìtẹ́ kò kọ́kọ́ jẹ́wọ́. Nígbà tó rí i pé ọ̀rọ̀ ti hàn, ó rẹ ohùn sílẹ̀.

"Màmá, ẹ jẹ́ ká fòye bá ara wa sọ̀rọ̀," ló wí. "Ẹ̀yin nìkan lẹ ń dá gbé. Ta ló ń pè yín? Olóyè ń fi tirẹ̀ ṣiṣẹ́."

"Ọmọ mi ló ń pè mí," ni Màmá Tísà wí. "Ó ń kú lọ, ó ń pè mí. Ìwọ lo gbé ohùn rẹ̀ fún ẹlòmíràn, tí o sì wò mí lójú pé kí n lọ jókòó, pé yóò dún."

Ó gbé tẹlifóònù náà kalẹ̀ lórí tábìlì Ọ̀gá. Ọ̀gá ní kó gbé e padà, pé kí ilẹ̀ tó ṣú, àwọn á ti tún un ṣe. Màmá Tísà ní kò wọ ilé òun mọ́ láé.

Oníkẹ́míìsì tó wà láàárín èrò rántí pé ohùn ilé ẹlòmíràn ni òun máa ń bá nínú tẹlifóònù tòun. Ó lọ sílé, ó gbé e wá. Aránṣọ kan gbé tirẹ̀ wá. Olóyè Ọlálérè náà dé, ó gbé tiẹ̀ lọ́wọ́, wáyà ń wọ́ tẹ̀ lé e nílẹ̀. Orí tábìlì kún, wọ́n ń tò wọ́n sílẹ̀ẹ́lẹ̀. Ọ̀gá Adégbìtẹ́ ń rìn láàárín wọn, kò mọ ibi tí yóò fi ẹsẹ̀ sí.

Lọ́jọ́ kejì Màmá Tísà gbé báàgì rẹ̀, ó wọ mọ́tò lọ sí Bauchi. Morẹ́nikẹ́jì dì mọ́ ọn ní gáréèjì, kò fẹ́ fi í sílẹ̀. Ṣùgbọ́n nígbà tí Màmá Tísà na ọwọ́ sí ọmọ-ọmọ rẹ̀, ọmọ náà ké, ó sá mọ́ àyà obìnrin Hausa tó pọ̀n ọ́n wá. Aṣọ ìkókó inú báàgì kò wọ ọ́ lọ́rùn mọ́. Ta ni yóò dá ìyẹn padà fún Màmá Tísà? Kò sí ọ́fíìsì tó lè dá a padà.

Ìròyìn náà tàn dé àwọn ìlú mìíràn, àwọn náà sì ní tiwọn láti sọ. Nígbà tí fóònù kékeré tí kò ní wáyà wá dé, kò sẹ́ni tí àwọn ènìyàn ní láti bẹ̀ kí wọ́n tó rà á. Àwọn ará ọ́fíìsì tẹlifóònù ń lọ káàkiri pé àwọn ti yí padà, pé kí àwọn ènìyàn jẹ́ kí wọ́n tún fa wáyà wọlé. Àwọn ènìyàn gbọ́ wọn láti ojú fèrèsé, wọ́n sì ti fèrèsé.

Láti ọjọ́ tí Màmá Tísà ti já tẹlifóònù rẹ̀ kúrò lára ògiri ni tẹlifóònù oníwáyà kò ti ní àyè nínú ilé wa mọ́. Ìdí nìyẹn tí àwọn ìyá àgbà fi máa ń so fóònù mọ́ etí ìró wọn. Bí ẹ bá ní kí wọ́n fi í sílẹ̀ lórí tábìlì, pé ẹ máa bá wọn gbé e bó bá dún, wọn á wò yín, wọn á sì tún so ó le sí i.