Àkàrà tí Wọ́n ń Kágò Fún

Ààlọ́ o!

"Ààlọ̀!"

Ohùn yín kò dùn mọ́ mi létí. Àbí ẹ ò tíì jẹun ni? Mo ní, ààlọ́ o!

"Ààlọ̀!"

Ẹ̀n-ẹ́n, ó kúkú wà lẹ́nu yín. Ààlọ́ mi gbéra nílẹ̀, ó yí gbiri, ó yí gbiri. Kò balẹ̀ sórí ọba, kò balẹ̀ sórí ìjòyè. Orí Adìyẹ kan ló balẹ̀ sí, ó sì ta lu Ewúrẹ́ kan níwájú orí.

Orin wà nínú rẹ̀ o. Bí mo bá ti ní "àgò o," kí ẹ dá mi lóhùn pé, "Má tíì ṣí i, mò ń wú." Ẹni tí kò bá gbè, kò ní mọ ìgbà tí àkàrà jinná.

Ní ayé àtijọ́, obìnrin kan wà ní ìlú Arẹ́gbẹ́. Ẹfúnyẹmí lorúkọ rẹ̀. Búrẹ́dì ló ń ṣe tà. Ó ní ààrò amọ̀ ńlá kan ní ẹ̀yìnkùlé, àwo amọ̀ pẹrẹsẹ kan ni wọ́n fi ń dí i lẹ́nu, òun ni ilẹ̀kùn rẹ̀. Ọkọ rẹ̀ ń jẹ́ Akínrógùn, àgbẹ̀ ni. Ọmọbìnrin kan ṣoṣo ni wọ́n bí, Àwẹ̀ró. Ẹran ọ̀sìn wọn kò ju mẹ́ta lọ: Màálù kan, Ewúrẹ́ kan, Adìyẹ kan. Àkùkọ ilé ti kú láti ọdún èṣí.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ti Ewúrẹ́ yìí fún yín. Kì í kágò. Bó bá dé ẹnu ilẹ̀kùn, orí ló fi ń ṣí i. Ó wọ yàrá, ó wọ ilé ìdáná, ó wọ ibi tí baba onílé ti ń wẹ̀. Wọ́n lù ú títí, ọwọ́ ro wọ́n. Bí wọ́n bá bi í pé, "Ewúrẹ́, o ò lè kágò ni?" á ní, "Ilé tí wọ́n bí mi sí? Ta ni mo fẹ́ kágò fún?"

Ní ọjọ́ kan, ìròyìn dé. Àwọn ará ìlú Ajéré ń bọ̀ wá tọrọ Àwẹ̀ró fún ọmọ wọn. Ní ìjọ́ kẹta ni wọn yóò dé.

Akínrógùn ní, "Àna kì í wá kí á fún un ní ẹ̀fọ́ lásán. Màálù ń fún wa ní wàrà. Ewúrẹ́ la ó pa níbi ìgbéyàwó, tó bá di ọdún tó ń bọ̀. Adìyẹ la ó pa." Ó mú ọ̀bẹ, ó bẹ̀rẹ̀ sí í pọ́n ọn lórí òkúta. Ṣiri, ṣiri, ṣiri.

Adìyẹ gbọ́. Àyà rẹ̀ já. Ta ni àyà rẹ̀ kò ní í já? Ṣùgbọ́n kò sá lọ sínú igbó. Ó lọ sí ẹnu ọ̀nà Ẹfúnyẹmí, ó tẹrí ba, ó ní, "Àgò o."

"Àgò yà."

"Ìyá Àwẹ̀ró, bí ẹ bá pa mí, ẹnu mélòó ni ẹran mi yóò kárí?"

"Ẹnu mẹ́rin, bí mo bá gé e wẹ́wẹ́."

"Àna mélòó ló ń bọ̀?"

"Méje."

"Ẹ ò rí i? Ẹ dá ẹ̀mí mi sí. Mo ti yé ẹyin mẹ́sàn-án sí abẹ́ àká. Kò sí àkùkọ, wọn kò lè pa. Ẹyin mẹ́ta, wàrà díẹ̀, ìyẹ̀fun díẹ̀, ohun tí yóò jáde nínú ààrò yín, àwọn àna yín kò ní í gbàgbé rẹ̀ láéláé."

Ẹfúnyẹmí rẹ́rìn-ín. Ó ní, "Ìwọ Adìyẹ yìí, níbo lo ti kọ́ oúnjẹ sísè?"

"Kí ẹ tó rà mí, àgbàlá òyìnbó Jámánì kan ni wọ́n ti tọ́ mi dàgbà. Ìyàwó rẹ̀ máa ń ṣe é ní gbogbo àárọ̀ ọjọ́ ìsinmi. Ojú fèrèsé ni mo máa ń dúró sí. Àkàrà awúlékè ni mo sọ ọ́."

Ẹ má bi mí bí òyìnbó ṣe dé inú ààlọ́ o. Ààlọ́ tèmi ni, ẹni tó bá wù mí ni mo ń gbà láyè.

Ẹfúnyẹmí ní, "Ó dáa. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni màá ṣe é. Bí ti ọjọ́ tí àwọn àna bá dé kò bá wú, má bínú sí mi o. Inú ìkòkò ni."

Adìyẹ ní, "Mo gbà. Yóò wú."

Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, Adìyẹ kó ẹyin mẹ́ta wá. Ó lọ bá Màálù ní ìso. Ó ní, "Àgò o." Màálù ní, "Àgò yà." Ó bẹ̀ ẹ́ ní wàrà, Màálù sì fún un. Ẹfúnyẹmí po ẹyin, ó da wàrà sí i, ó da ìyẹ̀fun àlìkámà sí i, ó fi iyọ̀ díẹ̀ sí i. Ó pò ó títí ó fi ń ṣàn bí ògì mímu. Ó mú agbada tó fi ń dín àkàrà, ó dà á sí i bẹ́ẹ̀, ó tì í sínú ààrò.

Wọ́n dúró títí. Nígbà tí wọ́n gbé e jáde, ó tẹ́ pẹrẹsẹ, ó le. Akínrógùn fi ìka kàn án, ó ní bàtà òun tó já nílò ìsàlẹ̀.

Adìyẹ ní, "Ẹ̀bi mi ni. Ẹ̀rù ọ̀bẹ ló mú mi gbàgbé. Ọ̀rá wàrà ni a kọ́kọ́ ń fi sínú agbada, tí a ó gbé e sínú iná, tí yóò máa hó. Agbada tútù kì í jí ẹyin."

Ẹyin mẹ́ta lọ. Ó ku mẹ́fà. Akínrógùn ń pọ́n ọ̀bẹ. Ṣiri, ṣiri, ṣiri.

Ní ọjọ́ kejì, ọ̀rá hó nínú agbada. Nígbà tí Ẹfúnyẹmí da nǹkan náà sí i, ó dún ṣàà! Ó dí ẹnu ààrò. Adìyẹ wá ní, "Ìyá Àwẹ̀ró, búrẹ́dì yín, ẹ máa ń ṣí i wò nígbà tó bá wù yín. Èyí kò gba bẹ́ẹ̀. Atẹ́gùn tútù ni ọ̀tá rẹ̀. Àgò là ń ká fún un. Bó bá ní àgò yà, ẹ ṣí i. Bí kò bá tíì wí bẹ́ẹ̀, ẹ fi í sílẹ̀." Ó dúró síwájú ààrò, ó kọrin. Ó yá, ẹ gbè é:

Àkàrà inú ilé, àgò o!
*Má tíì ṣí i, mò ń wú.*
Ẹyin wà níbẹ̀, àgò o!
*Má tíì ṣí i, mò ń wú.*
Wàrà wà níbẹ̀, àgò o!
*Má tíì ṣí i, mò ń wú.*
Ẹ̀mí Adìyẹ wà níbẹ̀, àgò o!
*Má tíì ṣí i, mò ń wú.*

Òótọ́ ni, ó ń wú. Ó wú dé ìdajì agbada. Ó wú dé etí agbada. Ó fẹ́ yọrí. Inú Adìyẹ dùn débi pé òùngbẹ gbẹ ẹ́, ó ní kí òun lọ mu omi lẹ́bàá kànga, níbi tí Ẹfúnyẹmí ti ń fa omi.

Ewúrẹ́ ń kọjá lọ. Ó gbọ́ òórùn ọ̀rá wàrà. Ó ní, "Kí ló wà níbí tí mi ò mọ̀ sí?" Kò kágò. Gbì! Ó fi orí ti ilẹ̀kùn ààrò wó. Atẹ́gùn wọlé. Àkàrà mí kanlẹ̀, fùúù, ó wó. Ewúrẹ́ bù ú jẹ, ó jó o lẹ́nu, ó sá lọ.

Ìrù rẹ̀ ni Adìyẹ rí. Ó pariwo, "Ewúrẹ́ ni! Ewúrẹ́ ló ṣí i!"

Ewúrẹ́ ní, "Èmi kọ́. Atẹ́gùn ni. Àti pé ta ló ń kágò fún ààrò? Adìyẹ kò mọ oúnjẹ í sè, ó ń wá ẹni tí yóò ru ẹ̀bi rẹ̀."

Akínrógùn ní òun kò rí Ewúrẹ́, òun kò rí atẹ́gùn, àkàrà tó wó ni òun rí. Ẹyin mẹ́ta ló kù. Ọ̀la ni àna ń bọ̀. Ṣiri, ṣiri, ṣiri.

Adìyẹ lọ sí abẹ́ àká, ó sunkún. Èyí kì í ṣe àṣìṣe tirẹ̀, ó sì dùn ún dọ́kàn. Ó ké lẹ́ẹ̀kan. Ó ké lẹ́ẹ̀kejì. Nígbà tó fẹ́ ké lẹ́ẹ̀kẹta, ọgbọ́n kan sọ sí i lọ́kàn. Ó nu ojú. Ó ní, "Kí ni mo ń sunkún sí? Mo mọ ohun tí mò ń ṣe. Yóò wú."

Ní ọjọ́ kẹta, àna dé, àwọn méje. Baba àgbà wọn ló ṣíwájú, Baba Ọdẹ́wálé, arúgbó tí kì í tètè rẹ́rìn-ín. Wọ́n fún wọn ní àga, wọ́n fún wọn ní omi tútù. Akínrógùn ti gbé ìkòkò ńlá kaná, omi náà sì ti ń hó. Ó fi ọ̀bẹ sí ìbàdí.

Ẹyin mẹ́ta tó kẹ́yìn wọ inú agbada gbígbóná. Ẹfúnyẹmí dí ẹnu ààrò. Adìyẹ ní, "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi amọ̀ tútù rẹ́ ẹnu rẹ̀ yíká. Kó nípọn dáadáa." Ẹfúnyẹmí rẹ́ ẹ. Adìyẹ kúrò níbẹ̀, ó lọ jókòó jẹ́jẹ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́ àká. Kò ṣọ́ nǹkan kan.

Ewúrẹ́ dé. Ó wò síhìn-ín, ó wò sọ́hùn-ún. Kò kágò. Gbì! Ilẹ̀kùn kò mì. Gbì! Ilẹ̀kùn kò mì. Gbì! Orí rẹ̀ rì sínú amọ̀ títí dé ìdí ìwo. Ó fà á yọ, amọ̀ bo ojú rẹ̀, kò ríran mọ́. Ó kúrò níbẹ̀, ó sáré gba ọ̀dẹ̀dẹ̀, ó já wọ yàrá tí àwọn àna jókòó sí. Kò kágò níbẹ̀ náà. Ó fo orúnkún Baba Ọdẹ́wálé, ó gbá fìlà rẹ̀ sílẹ̀.

Akínrógùn wo amọ̀ tó wà níwájú orí Ewúrẹ́.

"Ewúrẹ́, kí nìyẹn?"

Ewúrẹ́ ní, "Atẹ́gùn ni."

Akínrógùn mú okùn. Ó dè é mọ́ òpó.

Ní ẹ̀yìnkùlé, Adìyẹ dìde. Ó tẹrí ba níwájú ààrò. Ẹ̀yin ọmọ mi, ẹ gbé ohùn sókè, nítorí ibi tí ẹ̀mí wà nìyí:

Àkàrà inú ilé, àgò o!
*Má tíì ṣí i, mò ń wú.*
Àwọn àna ti dé, àgò o!
*Má tíì ṣí i, mò ń wú.*
Omi ti hó lórí iná, àgò o!
*Àgò yà! Mo ti wú!*

Ẹfúnyẹmí fọ́ amọ̀, ó gbé agbada jáde. Háà! Àkàrà náà ti wú kọjá etí agbada. Etí rẹ̀ ká sókè, ó rí gelete bíi gèlè. Àwọ̀ rẹ̀ pọ́n bíi máńgòrò tó pọ́n lórí igi. Ó sáré gbé e síwájú àwọn àna. Àwọn méjèèje ní, "Háà!" Baba Ọdẹ́wálé pàápàá na ọrùn.

Bí wọ́n ti ń wò ó ni àárín rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í rọ̀. Ó ń rọ̀ díẹ̀díẹ̀. Ó ń lọ sílẹ̀.

Obìnrin kan láàrin àwọn àna ní, "Yéè, ó ń wó!" Ojú ti Ẹfúnyẹmí. Ọwọ́ Akínrógùn lọ síbi ọ̀bẹ.

Ohùn kan wá láti ẹnu ọ̀nà. "Àgò o."

Baba Ọdẹ́wálé fúnra rẹ̀ ló ní, "Àgò yà."

Adìyẹ tẹrí ba, ó wọlé. Ó ní, "Ẹ kú ìjókòó, ẹ̀yin àgbà. Kò wó o. Ó ń kí yín ni. Nínú ààrò níbi tí ẹnikẹ́ni kò sí, ó ga bó ṣe fẹ́. Ṣùgbọ́n ọmọ tí a kọ́ nílé yìí kì í nàró níwájú àna. Ó ń kúnlẹ̀ ni."

Arúgbó náà wo Adìyẹ. Ó wo àkàrà. Ó wo Àwẹ̀ró tó ti wà lórí ìkúnlẹ̀ láti ìgbà tí wọ́n ti dé. Ó bú sẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín náà pọ̀ débi pé ó wúkọ́.

Wọ́n da oyin sí i, wọ́n fún ọsàn wẹ́wẹ́ sí i lórí. Wọ́n gé e sí ọ̀nà méje. Etí rẹ̀ ń dún kàrà lẹ́nu, àárín rẹ̀ ń yọ́. Kò sí ẹni tó béèrè ẹran.

Nígbà tí Baba Ọdẹ́wálé lá ìka rẹ̀ tán, ó ní, "Akínrógùn, ilé tí oúnjẹ rẹ̀ mọ̀ ọ́n kúnlẹ̀, kí ni mo tún ń wádìí nípa ọmọ wọn? Ọdún tó ń bọ̀ ti jìnnà jù. Ẹ jẹ́ kí á ṣe ìgbéyàwó yìí lónìí."

Akínrógùn ní, "Lónìí kẹ̀? Ó yá!" Ó yíjú padà. Ọ̀bẹ ti mú. Omi ti hó. Ewúrẹ́ ìgbéyàwó sì rèé lára òpó, amọ̀ ti gbẹ níwájú orí rẹ̀.

Bí wọ́n ti ń fa Ewúrẹ́ lọ sí ẹ̀yìnkùlé, ó rí ìkòkò. Fún ìgbà àkọ́kọ́ láti ọjọ́ tí wọ́n ti bí i, ó ké é: "Àgò o! Mo ní àgò o! Ẹ gbà mí, àgò o!"

Omi hó gùdù nínú ìkòkò. Ìkòkò sì dá a lóhùn pé, "Àgò yà. Máa wọlé."

Láti ọjọ́ náà ni adìyẹ ti ń tẹrí ba kó tó gba ẹnu ọ̀nà, bó ti wù kí ẹnu ọ̀nà náà ga tó. Ẹ máa wò ó lọ́la.

Ohun tí ààlọ́ yìí kọ́ wa ni pé ohun tó ń wú nínú òkùnkùn, kí á fi í sílẹ̀ kó wú. Kí á má sì ti ilẹ̀kùn ẹnikẹ́ni láìkágò, nítorí ilé kan ń bẹ tí ìdáhùn rẹ̀ kò dùn ún gbọ́.

Ibi tí ẹsẹ̀ ààlọ́ mi gbé e dé nìyí, ibẹ̀ náà ló jókòó sí. Bí mo bá parọ́ fún yín, kí àkàrà mi má wú láéláé. Bó bá sì jẹ́ òótọ́, kó wú lẹ́ẹ̀mẹta: wùú, wùú, wùú. Ó wú àbí kò wú?

"Ó wú!"