Ìgbẹ́ Tó Mú Ìnàkí Délé

Ọkùnrin kan ń bẹ tó ń tọ́jú àwọn ìnàkí tí ìjọba gbà lọ́wọ́ ọdẹ. Ọ̀kan wà tó fẹ́ràn jù, abo, ọmọ òrukàn. Ó ti pọ̀n ọ́n sẹ́yìn rí bí ẹni pọn ọmọ. Nígbà tó dàgbà, ọkùnrin náà fẹ́ dá a padà sínú igbó ìtòsí, nítorí pé ọjà tó wà lẹ́bàá igbó yẹn ni wọ́n ti gbà á.

Obìnrin kan tún wà tí iṣẹ́ rẹ̀ ń pa ará àdúgbò lẹ́rìn-ín. Láti igbó dé igbó ló ń ṣa ìgbẹ́ ìnàkí sínú ìgò. Ó ní ìdílé ìnàkí kọ̀ọ̀kan ló ní àmì ìran tirẹ̀, àti pé àmì náà wà nínú irun wọn àti nínú ìgbẹ́ wọn. Bí ọkùnrin wa yìí bá ti rí i lọ́ọ̀ọ́kán, á di imú.

Nígbà tí ìtúsílẹ̀ kù dẹ̀dẹ̀, obìnrin náà wá bá a.

“Ẹ jọ̀ọ́, bàbá, ẹ fún mi ní irun rẹ̀ díẹ̀. Ilé là á wò ká tó sọmọ lórúkọ.”

“Ṣebí ọjà ibí yìí ni wọ́n ti gbà á?”

“Bẹ́ẹ̀ ni, bàbá. Ṣé ọjà ni wọ́n bí i sí?”

Ó kùn, ṣùgbọ́n ó fún un. Èsì àyẹ̀wò dé: irun náà kò bá ìgbẹ́ igbó ìtòsí mu rárá. Ti igbó òdìkejì odò ló bá mu. Ọkùnrin náà mọ̀ pé ìnàkí kì í fojúure wo àlejò. Wọn ì bá ti pa á.

Àgbàlagbà dọ̀bálẹ̀ fún ẹni tí kò ju ọmọ rẹ̀ lọ. “Ẹ ṣeun o, ìyá mi. Ẹ gba ọmọ mi lọ́wọ́ ikú.” Inú rẹ̀ dùn débi tó fi sunkún. Wọ́n sì jọ mú ìnàkí náà sọdá odò.

Ìwọ ọ̀rẹ́ mi, ọmọ rẹ ti kúrò nílé ìwòsàn, a dúpẹ́ o. O fa ewúrẹ́ fún dókítà, o káre. Ṣùgbọ́n obìnrin tó ń gbé ìgbẹ́ ọmọ rẹ lọ fún àyẹ̀wò, títí wọ́n fi mọ àrùn tó ń ṣe é ńkọ́? Mo rí ọ tí o yí ojú kúrò nígbà tó ń kọjá. Ẹni tí a ṣe lóore tí kò dúpẹ́, bí ọlọ́ṣà kóni lẹ́rù lọ ni. Kí lorúkọ rẹ̀? O ò mọ̀ ọ́n. Dìde, lọ bi í.